Ìkànnì Kan, Èdè Mẹ́ta

Ẹ bi mí léèrè bóyá ìkànnì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín, tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, lè ní Yorùbá nínú, kó tún ní Faransé fún àwọn ọmọ yín tó dàgbà sí Kétu àti Àjàṣẹ́ lórílẹ̀-èdè Benin. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀ mọ́ra wọn lójú yín.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ètò tó gbé ìkànnì náà ró: "Wá a", "Fi ránṣẹ́", orúkọ oṣù. Nínú WordPress, tó jẹ́ ọ̀kan lára irú ètò bẹ́ẹ̀, fáìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí: ògbufọ̀ á kọ tirẹ̀ sínú fáìlì .po, wọ́n á sì sọ ọ́ di .mo tí kọ̀ǹpútà ń kà. Ẹ̀yin kàn máa yan èdè ni. Gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì tú á jáde ní Gẹ̀ẹ́sì.

Èkejì ló gba ìrònú: ohun tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ kọ. Ètò náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìkéde Yorùbá yìí àti ti Faransé yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. WordPress kò dá èyí mọ̀ fúnra rẹ̀. Àfikún bíi Polylang tàbí WPML la fi ń ṣe é. Ètò mìíràn tó ń jẹ́ Drupal ní tirẹ̀, láti ẹ̀dà 8 tó jáde ní 2015, ti fi í sínú ètò náà gan-an. Ìkéde kan ṣoṣo ni níbẹ̀, èdè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ ìpàdé àti àwòrán lè jẹ́ àjọni, kẹ́ ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, kó yí níbi gbogbo. Òun ló wù mí fún yín, torí ohun tó ń ba irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ jẹ́ jù ni kí ọjọ́ ti yí padà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ti Yorùbá ṣì wà bó ṣe wà.

Yorùbá tún ní ìṣòro tí Gẹ̀ẹ́sì ò ní. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, "ọ" ní nọ́ńbà tirẹ̀. "Ọ́" kò ní. Ńṣe la máa ń so àmì ohùn mọ́ ọn. Kíbọọ̀dù kan á fi "ọ" ránṣẹ́, á wá fi àmì ohùn lé e. Òmíràn á fi "o" lásán ránṣẹ́, á fi àmì abẹ́ tẹ̀lé e kó tó kan tòkè. Ojú wa ò rí ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà rí i. Ẹni tó ń wá Ọ̀yọ́ lè gbọ́ pé kò sí, nígbà tí Ọ̀yọ́ kún ibẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di irú kan náà tí wọ́n ń pè ní NFC kó tó pa wọ́n mọ́, kí ẹni tó bá tẹ "Oyo" láìsí àmì náà sì lè rí ohun tó ń wá. Tó bá ní kẹ́ ẹ kúkú yọ àmì kúrò, ẹ má gbà.

Kí èdè kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, /yo/, /en/, /fr/, kí òǹkàwé fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Ẹ má fi orílẹ̀-èdè tó wà yàn fún un. Ará Kétu lè fẹ́ ka Yorùbá. Ẹ má sì fi àsíá ṣe àmì èdè: àsíá ta lẹ fẹ́ fún Yorùbá, tó wà ní Nàìjíríà, Benin àti Tógò? Ẹ kọ orúkọ èdè náà síbẹ̀, ó ti tó. Ìkéde tí kò bá sì tíì ní Faransé, kí ìkànnì sọ bẹ́ẹ̀ fún òǹkàwé, kó sì gbé ti Yorùbá fún un.