Gbogbo Rẹ̀ Ló Tan Àwọ̀ Ewé: Kí Ni Dáṣíbọ́ọ̀dù Dátábéèsì Kò Sọ fún Wa?

Bí ẹ bá ti wọ dáńfó rí, tí ẹ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ẹ ti rí irú dáṣíbọ́ọ̀dù tí mò ń sọ. Ọwọ́ tó yẹ kó máa fi iye epo hàn ti kú, ojú kan náà ló wà láti ọjọ́ yìí wá. Iná tó yẹ kó tàn bí ẹ́ńjìnnì bá ní wàhálà ò tàn rárá. Ṣé ẹ́ńjìnnì ò ní wàhálà ni? Rárá o, ẹnì kan ló ti yọ gílóòbù rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣírò epo rẹ̀ sórí. Ẹni tó bá yá ọkọ̀ náà lò láìmọ̀ ló máa dúró sójú títì.

Dáṣíbọ́ọ̀dù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni ti dátábéèsì. Irú wàhálà yìí wà níbẹ̀ náà, àmọ́ ó fara sin ju ti dáńfó lọ, torí pé dáṣíbọ́ọ̀dù dátábéèsì máa ń lẹ́wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ kan. Dátábéèsì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń to àkọsílẹ̀ sí létòlétò: owó tó wà nínú àkáǹtì yín, máàkì yín ní yunifásítì, orúkọ àwọn oníbàárà. Tí a ò bá fẹ́ kí ikú kọ̀ǹpútà kan jẹ́ òpin ohun gbogbo, a máa ń so bíi mélòó kan pọ̀ kí wọ́n jọ máa ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn tí a so pọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní cluster. Nínú èyí tí èmi ń lò, PostgreSQL, kọ̀ǹpútà kan ni olórí, òun nìkan ló ń gba àkọsílẹ̀ tuntun. Àwọn yòókù jẹ́ ọmọlẹ́yìn, wọ́n ń da ohun tí olórí bá kọ kọ. Dáṣíbọ́ọ̀dù wọn jẹ́ ojú ìwé kan tó kún fún fèrèsé kéékèèké. Fèrèsé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní widget, ìbéèrè kan péré ló sì yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa dáhùn.

Ní láàbù tí mo ti ń ṣe máásítà mi, kọ̀ǹpútà mẹ́ta la so pọ̀ báyìí. Ohun tó wà nínú wọn ni iye òjò, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ tí àwọn ẹ̀rọ wa nínú oko ń fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Èmi àti àwọn mẹ́rin mìíràn la máa fi kọ tísíìsì wa. Ẹni tó bá pàdánù kóòdù lè jókòó tún un kọ. Àmọ́ òjò tó rọ̀ nínú oṣù kẹfà ti rọ̀ lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀ ẹ́ kó padà wá rọ̀ ká lè tún un wọ̀n. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀gá wa ní kí n gbé dáṣíbọ́ọ̀dù kalẹ̀, tí mo sì fi ka ìtàn GitLab ní àkàtúnkà kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù mọ GitLab, ibi tí àwọn èèyàn ń tọ́jú kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 2017, dátábéèsì wọn jẹ́ PostgreSQL, ó ní olórí kan àti ọmọlẹ́yìn kan. Iṣẹ́ pọ̀ lórí olórí lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọlẹ́yìn ò lè bá a mọ́. Ó ń fà sẹ́yìn, ó ń fà sẹ́yìn, títí olórí fi pa àkọsílẹ̀ tí ọmọlẹ́yìn ṣì nílò rẹ́, ni iṣẹ́ àdàkọ bá dúró. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n nu inú ọmọlẹ́yìn, kí wọ́n sì dà á kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà tó ń ṣe é rò pé orí ọmọlẹ́yìn lòun wà. Orí olórí ló wà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì ló ti dá a dúró, àmọ́ nǹkan bíi 300 GB ti lọ.

Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ lóru. Ohun tó tẹ̀ lé e ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n sáré lọ wá ẹ̀dà ìpamọ́, ìyẹn backup. Wọ́n ní ètò tó yẹ kó máa ṣe é lójoojúmọ́, kó sì máa kó o lọ sí Amazon S3. Wọ́n débẹ̀, òfìfo ni wọ́n bá. Irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà náà jẹ́ ti PostgreSQL 9.2, bẹ́ẹ̀ dátábéèsì wọn jẹ́ 9.6, nítorí náà ṣe ló ń kọ̀ṣẹ́. Ṣé kò kìlọ̀ fún wọn ni? Ó kìlọ̀ o. Ímeèlì ló ń fi ránṣẹ́, àmọ́ ímeèlì náà ò ní àmì ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà ń béèrè, ni ẹ̀rọ yẹn bá ń dá a padà. Kò sẹ́ni tó rí i.

Orí ló yọ wọ́n. Ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, ẹnì kan níbẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀dà dísíìkì náà nítorí iṣẹ́ mìíràn. Òun ni wọ́n dà padà, dída rẹ̀ padà sì gbà tó nǹkan bíi wákàtí 18. Ohun tí àwọn èèyàn kọ láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn lọ pátápátá: nǹkan bíi 5,000 iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, 5,000 ọ̀rọ̀ ìdásí, àti nǹkan bíi 700 àkáǹtì. Kóòdù fúnra rẹ̀ ò bá a lọ, torí ibòmíràn ni wọ́n kó o sí. Wọ́n ṣe àtúnṣe náà lójú gbogbo ayé lórí YouTube, wọ́n sì kọ gbogbo bó ṣe jẹ́ síta. Mo kan sáárá sí wọn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ì bá bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Ká ní wọ́n tiẹ̀ gbé widget kan kalẹ̀ tó ń ka gbogbo ẹ̀sùn tó bá wọlé, òdo ni ì bá máa fi hàn, torí pé ẹ̀sùn ò wọlé. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni kò ṣẹlẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń ya àwòrán ohun tí kò ṣẹlẹ̀? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé síwájú ara mi.

Irinṣẹ́ méjì ni mo lò, ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì. Prometheus, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní SoundCloud lọ́dún 2012, ló ń kó òǹkà jọ. Grafana, tí Torkel Ödegaard ará Sweden gbé jáde lọ́dún 2014, ló ń yà á sójú ìwé. Ẹ máa fi ètò kékeré kan tó ń jẹ́ exporter sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Prometheus á wá máa yí wọn ká bíi nọ́ọ̀sì tó ń yí wọ́ọ̀dù. Tèmi ń yí i ní ìṣẹ́jú àáyá 15-15: ṣé ara le? Ìsopọ̀ mélòó ló ṣí? Dísíìkì kù mélòó? Á kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Bí ẹnì kan ò bá dáhùn, á kọ òdo sí òǹkà kan tó ń jẹ́ up. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ nìyẹn: òun ló ń lọ béèrè. Ká ní àwọn kọ̀ǹpútà ló ń ránṣẹ́ wá fúnra wọn ni, èyí tó bá kú á kàn dákẹ́, a ò sì ní mọ̀ bóyá oorun ló ń sùn.

Àwọn widget tó rọrùn ò ní pẹ́ wa. Àyè tó kù lórí dísíìkì. Iye ìsopọ̀ tó ṣí: 100 ni PostgreSQL ń gbà bí ẹ ò bá yí i padà, nítorí náà bí ìlà náà bá ń sún mọ́ 90, ọ̀rọ̀ ti di ti kíákíá. Bí ìbéèrè ṣe ń pẹ́ tó. Lórí èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìpíndọ́gba. Ká ní ìbéèrè 100 wọlé, 99 gba mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdù 10, ọ̀kan yòókù gba ìṣẹ́jú àáyá 5. Ìpíndọ́gba wọn ò ju mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdù 60 lọ. Ẹ ó máa rẹ́rìn-ín pé nǹkan ń lọ, nígbà tí ẹnì kan ń fi ìbínú tẹ fóònù rẹ̀. Ìlà àwọn tó pẹ́ jù ni kí ẹ yà.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni widget ìfàsẹ́yìn, èyí tó ń sọ bí ọmọlẹ́yìn ṣe jìnnà sí olórí tó. Tábìlì kan wà lórí olórí tó ń jẹ́ pg_stat_replication. Ọmọlẹ́yìn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe fà sẹ́yìn tó. Ẹ mú èyí tó pọ̀ jù, ẹ gbé e sí Grafana, ó tán, àbí?

Kò tán o. Mo dán an wò: mo yọ wáyà nẹ́tíwọ̀kì ọmọlẹ́yìn kan. Ìfàsẹ́yìn kọ́kọ́ ga sókè. Lẹ́yìn nǹkan bíi ìṣẹ́jú kan, olórí gba kámú, ó yọ orúkọ ọmọlẹ́yìn náà kúrò nínú tábìlì, torí àwọn tó bá ṣì so mọ́ ọn nìkan ló ń kọ síbẹ̀. Widget wá wo ọmọlẹ́yìn kan ṣoṣo tó kù, ó rí i pé ó ń bá olórí rìn, ló bá padà sí àwọ̀ ewé. A ti pàdánù ìdajì ààbò wa, dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń sọ pé dáadáa ni. Ó dà bíi tíṣà tó béèrè ní kíláàsì pé, “Ta ni kò wá lónìí?” tó wá ń retí kí ẹni tí kò wá nawọ́.

Nítorí náà widget tó wà lókè pátápátá lórí ojú ìwé wa ò wọn ìfàsẹ́yìn rárá. Kíkà ló ń kà: ọmọlẹ́yìn mélòó ló wà nínú tábìlì? Méjì ló yẹ kó jẹ́. Ẹ ṣọ́ra níbí yìí o. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí irú widget yìí ní Grafana, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, ó sì di àwọ̀ pupa nígbà tó bá dé 80. Ìyẹn ni pé bí ọmọlẹ́yìn méjèèjì bá kú, òdo tẹ́ ẹ máa rí, àwọ̀ ewé ló máa ní. Mo yí i padà: pupa ni ìpìlẹ̀, àyàfi tó bá pé méjì ló lè di àwọ̀ ewé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn kan ń gbà wọn ìfàsẹ́yìn. Wọ́n á bi ọmọlẹ́yìn pé ìgbà wo ló da nǹkan kọ kẹ́yìn, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nínú aago ìsinsìnyí. Ó dára níbi tí iṣẹ́ kì í dúró. Tiwa ń kọ nǹkan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, nítorí náà ìlà wa rí bí eyín ayùn: ó gùn dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó já wálẹ̀, ó tún gùn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fà sẹ́yìn. Olórí ni kò rí nǹkan kọ. Mo wá fi ètò kékeré kan sórí olórí tó ń kọ aago sínú tábìlì kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bí ọkàn ṣe ń lù. Bí ọmọlẹ́yìn ò bá gbọ́ lílù yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀.

Bákan náà ni mo ṣe ti ẹ̀dà ìpamọ́. Mi ò bi í pé ṣé àṣìṣe wà. Ohun tí mò ń bi í ni pé wákàtí mélòó ló ti kọjá láti ìgbà tí ẹ̀dà tó pé ti parí? Bí iṣẹ́ alẹ́ bá parí dáadáa, tí fáìlì rẹ̀ ò sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ, á kọ aago síbi kan tí Prometheus ti lè kà á. Bí ó bá kùnà, kò ní kọ nǹkankan, nọ́ńbà tó wà lójú widget á sì máa ga sí i fúnra rẹ̀. Tó bá ti kọjá wákàtí 26, fóònù mi á dún. Ì báà jẹ́ páswọ́ọ̀dù ló yí padà, ì báà jẹ́ dísíìkì ló kún, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ ímeèlì sí mi. Bí Grafana ò bá tiẹ̀ rí òǹkà náà rárá, mo ti ní kó ka ìyẹn sí wàhálà. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń bi yín pé kí ni kó ṣe bí dátà ò bá sí. Ẹ má kàn fò ó.

Ìṣòro iná wá ń kọ́? Prometheus ò gbọdọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà tó ń ṣọ́, torí bí iná bá mú un lọ, àwọn méjèèjì jọ lọ nìyẹn. Orí Raspberry Pi kan tó ní bátìrì tirẹ̀ ni mo fi tiwa sí. Òun náà lè kú. Nítorí náà ìkìlọ̀ kan wà tí mo ṣètò pé kó máa dún ní gbogbo ìgbà, tọ̀sántòru, sí ètò kan tó wà níta ilé ìwé. Kò sẹ́ni tí ìró yẹn ń dí lọ́wọ́. Ìgbà tí kò bá dé mọ́ ni ètò ìta yẹn á pè wá. Àwọn ọdẹ àdúgbò tó ń lu irin lóru ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́: ẹ ò ní jí nígbà tí wọ́n bá lù ú, ìgbà tí ẹ ò bá gbọ́ ọ mọ́ ni oorun máa dá lójú yín.

Ohun mẹ́ta péré ló lè pe fóònù wa: ọmọlẹ́yìn tó dín sí méjì, ẹ̀dà ìpamọ́ tó ju wákàtí 26 lọ, àti dísíìkì tó ń kún. Gbogbo ìyókù wà lójú ìwé fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó lọ́wọ́ ọ̀sán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ kí n fi ogún kún un, mo kọ̀. Bí fóònù bá ń dún lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, ẹ mọ̀ pé a máa pa á lẹ́nu mọ́ ni.

Ó ku ọ̀kan tí mò ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ̀dà tó parí lè má ṣeé dà padà. Nítorí náà ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó wà ní igun láàbù á mú ẹ̀dà tuntun jù, á dà á padà sínú dátábéèsì òfìfo, á sì ka iye ìgbà tí a wọn òjò nínú oṣù kẹfà. Nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ bá ti olórí dọ́gba. Méjèèjì máa wà nínú widget kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú ọjọ́ tí a kà wọ́n.