Kí Ló Dé Tí Máàpù Fi Ń Ṣì Wá Lọ́nà Lórí Ọ̀kadà?

Ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ ètò tọ̀sẹ̀ yìí, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ẹ lè kà á. Ọ̀rọ̀ òní kan ẹ̀yin dísípáàṣì, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó máa ń so fóònù mọ́ ọwọ́ máṣíìnì kó tó gbéra.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò mi. Èkó ló ti ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù fún àwọn tó ń tajà lórí Instagram. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹrù ní Sùúrùlérè, ó ń lọ sí Maryland. Ó wà lójú ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ikorodu Road, èyí tí gbogbo wa ń pè ní service lane, àmọ́ máàpù ní àárín títì ńlá ló wà. Kò pẹ́, àmì búlúù yẹn fò lọ sí òdìkejì títì. Ohùn inú fóònù ní kó yà sọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ọ̀nà kankan lọ́tùn-ún. Ó bojú wolẹ̀ wo fóònù fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì péré. Kó tó gbójú sókè, dáńfó tó wà níwájú rẹ̀ ti tẹ bíréèkì.

Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó rí àyè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, àpótí ẹrù ló fara ha mọ́tò náà. Àmọ́ ẹrù pẹ́ kó tó dé, oníbàárà lóun ò gbà á mọ́, ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ sì yọ owó rẹ̀ nínú owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó délé mi lálẹ́, ohun tó sọ ni pé, “Bọ̀ọ̀dá mi, fóònù yìí ti bàjẹ́. Mo fẹ́ yáwó ra òmíràn.”

Mo ní kó fara balẹ̀ ná. Ó sì dáa tó fara balẹ̀, torí nǹkan kan ò ṣe fóònù náà. Ẹ máa gbọ́ ohun tó ń dà á láàmú láìpẹ́.

Báwo ni fóònù ṣe ń mọ ibi tí a wà?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé dátà ni fóònù fi ń mọ ibi tí a wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dátà ló fi ń gbé àwòrán máàpù wá, òun náà ló fi ń mọ ibi tí gosiló wà. Àmọ́ àmì búlúù yẹn, ojú ọ̀run ló sábà máa ń ti wá. Àwọn sátẹ́láìtì GPS tí Amẹ́ríkà gbé sókè lé ní 24, wọ́n sì jìnnà tó nǹkan bí 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀. Rọ́ṣíà náà ní tiwọn tó ń jẹ́ GLONASS, ilẹ̀ Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ló ń gbọ́ gbogbo wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń sọ ní gbogbo ìgbà: “Ibi tí mo wà rèé, ohun tí aago mi sọ rèé.” Fóònù á gbọ́ ọ, á wo bó ṣe pẹ́ tó kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á sì fi ìyẹn ṣírò bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà tó. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ mẹ́rin. Mẹ́ta wà fún ibi tó wà, ìkẹrin wà láti fi tún aago inú fóònù fúnra rẹ̀ ṣe, torí aago yẹn ò péye tó. Ẹ má fojú kéré aago yìí o. Bó bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan péré yẹ̀, fóònù á fi nǹkan bí 300 mítà ṣìnà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kí ohùn sátẹ́láìtì tó dé ilẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ọjà Oyíngbo. Ohun mẹ́ta ló sì lè ba ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jẹ́: kí nǹkan dí etí ẹni tó ń gbọ́, kí ohùn máa ta padà lára ògiri bíi gbohùngbohùn, tàbí kí ẹlòmíràn máa pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìṣòro máàpù orí ọ̀kadà tó jẹ mọ́ sátẹ́láìtì, abẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ló wà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó

Tí fóònù yín bá jẹ́ Android, ẹ wa áàpù kan tó ń jẹ́ GPSTest sórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ó máa fi gbogbo sátẹ́láìtì tí fóònù ń gbọ́ hàn yín, pẹ̀lú nọ́ńbà tó ń sọ bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó. Tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ti lé ní 30, ó dára. Tí wọ́n bá ń sún mọ́ 20 tàbí tí wọ́n kéré sí i, wàhálà ti wà.

Ẹ jáde sí gbangba, níbi tí ojú ọ̀run ti mọ́, kí ẹ má sì wà nítòsí ilé gíga. Ẹ ṣe é ní ìpele ìpele báyìí, kí ẹ máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀:

1. Ẹ mú fóònù dání, ẹ jìnnà díẹ̀ sí máṣíìnì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì.
2. Ẹ fi fóònù sínú ohun tó ń dì í mú lórí ọwọ́ máṣíìnì, àmọ́ ẹ má tíì tan máṣíìnì.
3. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì.
4. Ẹ tan iná iwájú.
5. Ẹ wá ki wáyà ṣájà bọ fóònù.

Ibi tí nọ́ńbà bá ti já wálẹ̀ ni olè wà. Tó bá ti lọ sílẹ̀ láti ìpele àkọ́kọ́, fóònù fúnra rẹ̀ tàbí ìbòrí rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Tó bá já ní ìkejì, ohun tó ń di fóònù mú ló ń dí i létí. Tó bá já ní ìkẹta sí ìkarùn-ún, ariwo iná ni.

Lára fóònù àbúrò mi, ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì wà láàárín 35 sí 42. A so ó mọ́ máṣíìnì, kò yí padà. A tan ẹ́ńjìnnì, kò yí padà. A tan iná, bákan náà ni. A ki ṣájà bọ̀ ọ́ báyìí, gbogbo rẹ̀ já sí 22, 20, àwọn mìíràn tiẹ̀ pòórá. Àwa méjèèjì wo ara wa. Ó ní, “Ṣájà ọlọ́gbọ̀n ọ̀rún náírà yìí náà ló fẹ́ pa mí?”

Ariwo ṣájà

Bátìrì ọ̀kadà máa ń gbé 12 fóólìtì, fóònù sì ń fẹ́ 5. Kí ṣájà tó lè sọ 12 di 5, ńṣe ló máa ń pa iná, tó ń tàn án, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pípa-títàn yẹn máa ń dá ariwo sílẹ̀, irú ariwo tí ẹ máa ń gbọ́ nínú rédíò tí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣájà burúkú. Ṣájà tó dára ní ohun tó ń pa ariwo náà mọ́ra. Èyí tó jẹ́ gbàǹjo, wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò kó lè pọ́ọ́kú. Àwọn gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú tí a ń fi rọ́pò iná iwájú náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí lẹ máa ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ yọ ṣájà náà, kí ẹ fi power bank rìn fún ọjọ́ méjì. Tí máàpù bá gún régé, ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Ẹ wá ra ṣájà tó dára, kí ẹ sì sọ fún rìwáyà kó so ó jìnnà sí ibi tí fóònù wà, bíi abẹ́ ìjókòó, kó jẹ́ wáyà nìkan ló máa gòkè wá. Ohun dúdú rogodo tí ẹ máa ń rí lára wáyà àwọn kọ̀ǹpútà kan náà wúlò: ó máa ń dín ariwo tó ń gba inú wáyà kù. Ẹ sì tún ìdánwò yẹn ṣe kí ẹ tó san owó iṣẹ́ rìwáyà tán.

Ohun tó ń dí etí fóònù

Irin ò jẹ́ kí ohùn sátẹ́láìtì kọjá, omi náà sì ń gbé e mì. Ara èèyàn sì rèé, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fóònù tó wà lápò ṣòkòtò tàbí láàárín àyà yín àti táǹkì kò fi lè gbọ́ dáadáa. Ẹni tó fi fóònù sínú àpò oúnjẹ tí wọ́n fi bébà dídán onírin bò nínú, ńṣe ló dì í létí pinpin.

Ẹ gbé fóònù sórí ọwọ́ máṣíìnì, kí ojú rẹ̀ kọjú sókè, kó rí ọ̀run. Ike àti rọ́bà ò ní kó dí i, àmọ́ ẹ yẹra fún ìbòrí onírin àti èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í dí sátẹ́láìtì lọ́wọ́, kọ́ńpáàsì inú fóònù ló ń dà rú. Tí ẹ bá dúró, tí àmì búlúù wà níbi tó yẹ, àmọ́ tó kọjú sí ẹ̀yìn, kọ́ńpáàsì ni kí ẹ fura sí.

Ẹ sì rántí gbígbọ̀n máṣíìnì. Lọ́dún 2021, ilé iṣẹ́ Apple kìlọ̀ pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì alùpùpù lè ba kámẹ́rà àwọn iPhone kan jẹ́. Ẹ lo ohun ìdìmú tó ní rọ́bà tó ń gba gbígbọ̀n náà mọ́ra.

Gbohùngbohùn àárín ilé gíga

Ní Marina àti Broad Street, ohùn sátẹ́láìtì máa ń lu ògiri ilé gíga kó tó ta bọ́ sí fóònù. Ọ̀nà rẹ̀ á ti gùn sí i, ìṣirò á sì dàrú. Ìyẹn ló ń mú kí àmì búlúù máa fò kiri. Lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba, kò tilẹ̀ rí ọ̀run rárá. Kò sí ṣájà tó lè wo èyí sàn. Tí ẹ bá fẹ́ ra fóònù tuntun lọ́jọ́ iwájú, ẹ béèrè èyí tó ń gba L1 àti L5 pa pọ̀, torí ó máa ń dá ojúlówó ohùn mọ̀ yàtọ̀ sí gbohùngbohùn dáadáa. Ọdún 2018 ni irú fóònù bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ìyẹn Xiaomi Mi 8.

Kí ẹ sì mọ̀ pé ní gbangba pàápàá, fóònù tó dára lè fi nǹkan bíi mítà márùn-ún yẹ̀. Mítà márùn-ún lè tó láti gbé yín láti service lane bọ́ sí títì ńlá. Nítorí náà, tí ohùn inú fóònù bá ní kí ẹ yà, tí ojú yín sì sọ pé kò sí ọ̀nà, ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí ẹ tó wo fóònù.

Ohun tí ẹ lè ṣe kí ẹ tó gbéra

Ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wọ Location, kí ẹ rí i pé Location Accuracy wà ní títàn. Lórí iPhone, Precise Location ni kí ẹ tàn fún áàpù máàpù yín. Ẹ pa Battery Saver, torí ó lè dín bí fóònù ṣe ń wá ibi tí ẹ wà kù.

Ẹ ṣí máàpù ní ìta, pẹ̀lú dátà ní títàn, kí ẹ dúró títí àmì búlúù á fi dúró sójú kan. Íntánẹ́ẹ̀tì ló ń bá fóònù gbé ìròyìn nípa ibi tí àwọn sátẹ́láìtì wà wá kíákíá. Láìsí i, ẹnu àwọn sátẹ́láìtì fúnra wọn ló máa ti gbọ́ ọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ló sì ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan láti sọ tirẹ̀ tán. Tí ohun kan bá já a lẹ́nu, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wa máàpù ìlú yín sílẹ̀ nínú Google Maps, níbi tí wọ́n kọ Offline maps sí, kí àìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má bàa pa yín lára.

Ọ̀kan ṣì kù. Tí àmì búlúù bá wà níbi tí ẹ wà gan-an, àmọ́ tí máàpù gbé yín lọ sí àdúgbò mìíràn, sátẹ́láìtì kọ́ ló jẹ̀bi, àdírẹ́sì ni. Ẹ ní kí oníbàárà fi lokéṣọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp nígbà tó bá wà nílé. Tí kò bá sì yé yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìyànà. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà.

Àbúrò mi ò ra fóònù mọ́. Ó ra ṣájà tó dára, rìwáyà sì gbé e sábẹ́ ìjókòó. Owó tí wọ́n yọ kò padà, àmọ́ kò jẹ gbèsè fún ohun tí kò bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí láti Maryland, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti débẹ̀ o. Mi ò tiẹ̀ wo fóònù lẹ́ẹ̀kan.”

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí dísípáàṣì kan tí ẹ mọ̀. Ó dìgbà kan ná. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà.