Táńkà Ojú Òfurufú: Àwọn Tó Ń Gbé Epo Kiri fún Ẹlòmíì

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bàálù ogun kan wà lórí òkun, epo inú rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, kò sì sí ilẹ̀ kankan nítòsí tó lè bà sí. Kí ló máa ṣe?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bàálù mìíràn á wá bá a lókè níbẹ̀, á na rọ́bà sí i, á sì rọ epo fún un. Kò ní sí èyí tó dúró nínú àwọn méjèèjì. Àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyẹn. Wọn kì í ju bọ́ǹbù, wọn kì í yìnbọn, epo ni wọ́n ń gbé. Ọ̀kan nínú irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí: 55 Squadron ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ohun tí òun àti ìkejì rẹ̀, 57 Squadron, ṣe lóru ọjọ́ kan ní 1982.

Ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀?

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1923, ní San Diego ní Amẹ́ríkà, bàálù kékeré méjì fò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tòkè sọ rọ́bà sílẹ̀, ẹni tó jókòó sẹ́yìn nínú tìsàlẹ̀ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a mú, ó kì í bọnú táǹkì. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wọ́n fi ọgbọ́n yìí dúró lókè fún wákàtí 37 láìbalẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Cobham dá iléeṣẹ́ Flight Refuelling sílẹ̀ ní 1934 nítorí iṣẹ́ yìí nìkan. Nígbà tó di 1949, bàálù Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Lucky Lady II fò yí gbogbo ayé ká láìbalẹ̀. Wákàtí 94 ló gbà á, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bàálù elépo sì wá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Látìgbà yẹn ni àwọn ológun ti mọ̀ pé kò síbi tí bàálù ò lè dé mọ́, bí epo bá ṣáà lè bá a lọ́nà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni ti agbọ̀n. Táńkà á tú rọ́bà gígùn sẹ́yìn, ohun kan tó rí bí agbọ̀n sì wà lẹ́nu rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń mú un dúró. Bàálù tó fẹ́ gba epo ní ọ̀pá kan níwájú imú rẹ̀. Awakọ̀ á sún mọ́ agbọ̀n náà díẹ̀díẹ̀, á fi ọ̀pá yẹn kàn án títí á fi wọlé. Àwọn méjèèjì ń sáré ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ní wákàtí o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo èyí ẹ̀yìn bó ṣe ń sún mọ́ èyí iwájú, bí ẹni tó rọra ń rìn ni. Tó bá sáré jù, ọ̀pá lè kán. Tó bá lọ́ra jù, kò ní wọlé.

Ọ̀nà kejì ni ti òpó líle tó ń na jáde láti ìdí táńkà. Èyí ni bàálù KC-135 ti Amẹ́ríkà ń lò láti 1957. Òṣìṣẹ́ kan á dọ̀bálẹ̀ sí ìdí bàálù náà, á máa wo ẹ̀yìn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń darí òpó yẹn wọnú bàálù tó ń gba epo. Epo tètè ń ṣàn nínú tòpó ju ti agbọ̀n lọ.

Ìṣirò kẹ́ẹ̀gì mẹ́sàn-án

Ẹlòmíì á ní, kí ló dé tí wọn ò kúkú kó gbogbo epo náà sínú bàálù kan látilẹ̀? Wàhálà ibẹ̀ ni pé epo wúwo. Bí epo bá ṣe pọ̀ tó ni bàálù ń wúwo tó, bó bá sì ṣe wúwo tó ló ń jẹ epo tó. Tó bá kọjá ìwọ̀n, kò ní lè gbéra rárá.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní bàálù kọ̀ọ̀kan ò lè gbé ju kẹ́ẹ̀gì epo 9 lọ, kẹ́ẹ̀gì 1 ló sì ń jẹ ní wákàtí kan. Tó bá dá lọ, wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ni ibi tó jìnnà jù tó lè dé, kó tó yíjú padà sílé.

Ní báyìí, ẹ fi táńkà kan tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wákàtí 3, kẹ́ẹ̀gì 6 ló kù lọ́wọ́ kálukú. Táńkà á fún ẹnìkejì ní 3, á fi 3 padà sílé. Ẹ wò ó, kẹ́ẹ̀gì ẹnìkejì ti padà di 9. Ó lè lọ síwájú fún wákàtí 3 míì, kó fi 6 tó kù wá sílé. Wákàtí 6 ló dé dípò mẹ́rin àtààbọ̀. Tí táńkà míì bá tún wá pàdé rẹ̀ lọ́nà nígbà tó ń bọ̀, á lè dé wákàtí méje àtààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan kan: nínú kẹ́ẹ̀gì 9 tí táńkà gbé jáde nílé, 3 péré ló dé ọwọ́ ẹni tó ń gbé e lọ fún. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ ìyókù lọ́nà. Bí ọ̀nà bá wá jìn gan-an, táńkà gan-an á nílò táńkà.

55 Squadron di elépo

Ajubọ́ǹbù ni 55 Squadron tẹ́lẹ̀. Ní 1965, wọ́n rí i pé irin apá àwọn bàálù Valiant, tó ń ṣiṣẹ́ táńkà nígbà yẹn, ti ń sán. Wọ́n ní kí gbogbo wọn má fò mọ́. Kíá ni wọ́n sọ Victor, bàálù tí wọ́n ṣe láti gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì, di táńkà, wọ́n sì kó o fún 55 Squadron ní ibùdó Marham. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni 57 Squadron náà dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ń rọ epo fún àwọn ẹlòmíì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ orúkọ wọn. Ó wá di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1982, Ajẹntínà gba erékùṣù Falkland lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Òru ọjọ́ kan lórí Àtìláńtíìkì

Ibi tó sún mọ́ Falkland jù tí bàálù ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lè gbéra ni erékùṣù Ascension, láàárín Àtìláńtíìkì. Ó lé ní 6,000 kìlómítà síbẹ̀. Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ò ju nǹkan bíi 5,000 lọ. Àwọn yìí sì gbọ́dọ̀ lọ kí wọ́n tún bọ̀ láìbalẹ̀.

Lóru ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, Victor 11 àti Vulcan ajubọ́ǹbù 2 gbéra ní Ascension. Vulcan kan ṣoṣo ló máa ju bọ́ǹbù, èkejì wà ní ìpamọ́. Kò pẹ́ tí fèrèsé Vulcan àkọ́kọ́ kọ̀ láti pa dé dáadáa, ló bá padà. Ọ̀kan nínú àwọn Victor náà padà, rọ́bà rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Martin Withers, awakọ̀ Vulcan tó wà ní ìpamọ́, ló wá di ẹni iwájú.

Bí wọ́n ṣe ń lọ, Victor á fún Victor lépo, á sì yíjú sílé. Wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku Victor méjì àti Vulcan yẹn. Ètò ni pé Victor tí Steve Biglands ń wà ló máa bá Vulcan dé ìparí, lẹ́yìn tó bá ti gba epo lọ́wọ́ ti Bob Tuxford. Àfi bí wọ́n ṣe kó sínú ìjì. Agbọ̀n ń jù sọ́tùn-ún sósì nínú òkùnkùn, ọ̀pá Biglands sì kán. Ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ kán ò lè gba epo mọ́. Ni wọ́n bá pààrọ̀ ipò: Tuxford gba epo lọ́wọ́ Biglands, Biglands sì padà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Nígbà tó yá, Tuxford rí i pé epo ò tó àwọn méjèèjì. Tó bá tọ́jú èyí tó máa gbé e délé, Vulcan gbọ́dọ̀ padà, gbogbo làálàá òru yẹn sì já sófo. Tó bá fún Vulcan, òun àtàwọn mẹ́rin tó wà nínú Victor rẹ̀ á já sínú òkun kí wọ́n tó dé Ascension, àfi tí táńkà míì bá wá pàdé wọn. Wọn ò sì lè pe ẹnikẹ́ni lórí rédíò, kí Ajẹntínà má baà gbọ́. Ó bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè, wọ́n fọwọ́ sí i. Ó fún Vulcan ní epo náà.

Ó di ìgbà tí Vulcan fi ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n jọ sọ, “Superfuse”, ránṣẹ́ pé òun ti ju bọ́ǹbù, kí Tuxford tó lè ké sí Ascension. Victor kan jáde, ó pàdé wọn lọ́nà, agbọ̀n sì wọlé. Gbogbo wọn ló padà láàyè. Vulcan náà pàdé Victor tiẹ̀ nítòsí etíkun Bùràsíìlì, ó sì délé lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 16.

Kí ni wọ́n rí gbà níbẹ̀?

Bọ́ǹbù 21 ni Vulcan jù, ọ̀kan péré ló bọ́ sójú ọ̀nà tí bàálù ti ń sáré gbéra ní Port Stanley. Bàálù akẹ́rù Ajẹntínà ṣì ń balẹ̀ síbẹ̀ títí ogun fi parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà. Títí dòní ni wọ́n ń jiyàn bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá fi ihò kan ṣoṣo wọn gbogbo epo yẹn, àdánù ló máa rí. Ṣùgbọ́n Ajẹntínà ti rí i pé jíjìn ọ̀nà kì í ṣe odi mọ́.

Ewu ibẹ̀ náà ò sì parí lọ́jọ́ yẹn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, ọ̀pá Vulcan míì kán nígbà tó fẹ́ gba epo lọ́nà àbọ̀. Rio de Janeiro ló sá lọ, epo inú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán kó tó balẹ̀.

Withers gba àmì-ẹ̀yẹ Distinguished Flying Cross, Tuxford gba Air Force Cross. Ọ̀pọ̀ tó mọ orúkọ Vulcan ò mọ Victor. Ní 1991, 55 Squadron tún rọ epo nínú ogun Gulf, ní oṣù kẹwàá 1993 ni Victor sì fẹ̀yìn tì. Tí ẹ bá tún gbọ́ lórí ìròyìn pé bàálù ogun kan fò láti orílẹ̀-èdè kan lọ ju bọ́ǹbù sí òmíràn tó jìnnà réré, ẹ béèrè pé ta ló fún un lépo, ibo ni wọ́n sì ti pàdé.