Ìdánwò àti Àtúnṣe Power Supply Orí Tábìlì: Ohun Tí Oníṣẹ́ Ọwọ́ àti Oníbàárà Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Kò sí ìlú kan ní ìpínlẹ̀ wa tí a kì í ti í rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń tún fóònù, rédíò tàbí kọ̀ǹpútà ṣe. Lórí tábìlì ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti ń rí àpótí irin kékeré kan tí ó ní ojú mítà méjì, bọ́tìnì tí a ń yí, àti ihò wáyà pupa àti dúdú. Power supply ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Òun ni ó ń dúró ní ipò bátìrì nígbà tí a bá ń yẹ ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ wò.

Òṣùwọ̀n ni àpótí yìí jẹ́, òṣùwọ̀n tí ó bá sì ń purọ́ a máa ba ọjà jẹ́. Bátìrì fóònù ìgbàlódé tí ó kún kì í sábà ju fólítì 4.2 sí 4.4 lọ. Bí ojú mítà bá ń fi 4 hàn, ṣùgbọ́n tí fólítì 12 ń jáde lẹ́nu wáyà, fóònù tí ìyá ọlọ́jà gbé wá nítorí pé kò gba iná mọ́ lè kú pátápátá lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀, àwòrán ìdílé rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́ lè bá a lọ. Nítorí náà ni a ṣe ṣe àlàyé yìí fún ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin ọmọṣẹ́, àti ẹ̀yin ará ìlú tí ń gbé ẹ̀rọ lọ fún àtúnṣe.

Ohun tí ó wà nínú àpótí náà

Iná tí ń wọ ilé wa jẹ́ iná AC. Ìwọ̀n rẹ̀ ní Nàìjíríà ni fólítì 230, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná bátìrì jẹ́ DC, tí ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Iṣẹ́ power supply ni láti sọ ti àkọ́kọ́ di ti èkejì, kí ó sì jẹ́ kí a lè yan iye tí a fẹ́. Èyí tí ó wọ́pọ̀ máa ń fúnni ní fólítì 0 sí 30 àti ámpíà 0 sí 5.

Ìpele mẹ́rin ni iná ń gbà kọjá nínú rẹ̀. Ìkíní ni tíráńsífọ́mà, tí ń rẹ fólítì 230 sílẹ̀, ká ní sí 24. Ìkejì ni dáyóòdù mẹ́rin, tí ń darí iná sí ọ̀nà kan. Ìkẹta ni kapásítọ̀ ńlá, tí ń ṣe bí àmù omi: ó ń gba iná pamọ́ nígbà tí ó bá pọ̀, ó sì ń bù ú jáde nígbà tí ó bá dín kù. Nítorí pé téńté iná AC ga ju iye tí mítà ń kà lọ ní ìlọ́po 1.41, fólítì 24 yìí yóò di bí 32 lórí kapásítọ̀, lẹ́yìn tí dáyóòdù bá ti mú tirẹ̀ níbẹ̀. Ìkẹrin ni transístọ̀ ńlá, ẹyọ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a dè mọ́ irin tí ń gba ooru lára rẹ̀. Òun ni ó ń ṣí, tí ó sì ń pa ọ̀nà iná mọ́ ní ìwọ̀n tí bọ́tìnì bá pa láṣẹ.

Bọ́tìnì kan wà fún fólítì, òmíràn sì wà fún ààlà ámpíà. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ni iná kékeré méjì wà tí a kọ CV àti CC sí. Bí CV bá tàn, fólítì ni ẹ̀rọ náà dì mú. Bí CC bá tàn, ìṣàn iná ti dé ààlà tí a fi sí i, ẹ̀rọ náà yóò sì rẹ fólítì sílẹ̀ kí ó má baà kọjá ibẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí lè tú ẹ̀rọ tí kò ní àléébù kankan palẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé bọ́tìnì ámpíà ni ẹnì kan yí dé òdo. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò nígbà gbogbo.

Ààbò ṣáájú ohun gbogbo

Àwọn àgbà wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kí ẹ tó tú sikúrù kankan, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Pípa súwíìṣì nìkan kò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rẹsísítọ̀ óòmù 1,000 tí ó lè gba wáàtì 2 fa iná tí ó kù nínú kapásítọ̀ náà gbẹ, kí ẹ sì fi mítà rí i dájú pé ó ti gbẹ. Ẹ má ṣe fi sukurúdíráfà so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, nítorí pé iná tí ń ṣẹ́ níbẹ̀ lè ba ojú jẹ́.

Àpótí tí ó wúwo ni a ń sọ níhìn-ín, èyí tí tíráńsífọ́mà ńlá wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó fúyẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀, iná ilé ń lọ tààrà sí orí kapásítọ̀ kan tí ó lè di bí fólítì 325 mú, kódà lẹ́yìn tí a bá ti yọ púlọ́ọ̀gì. Iye yìí lè pa ènìyàn. Kí ọmọṣẹ́ má ṣe tú irú rẹ̀ láìsí ọ̀gá tí ó mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí iná bá gbé ẹnì kan, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ pa iná láti orísun rẹ̀, kí ẹ tó ràn án lọ́wọ́, kí ẹ sì pe 112.

Ìdánwò mẹ́fà láìtú àpótí

Ẹ ṣe é ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ bá rí sínú ìwé.

1. Ara àpótí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì fi mítà sí óòmù. Láti ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ sí ara irin àpótí, ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Láti ẹsẹ̀ méjì yòókù sí ara irin náà, kò gbọ́dọ̀ sí ìsopọ̀ kankan. Bí ó bá wà, ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ náà.

2. Fólítì láìsí ẹrù. Ẹ fi mítà sí DC, ẹ fi kan ihò pupa àti dúdú, kí ẹ sì yí bọ́tìnì díẹ̀díẹ̀ dé 5, 12 àti 20. Ìyàtọ̀ bí 0.1 láàárín ojú àpótí àti mítà kò burú. Ìyàtọ̀ fólítì odidi kan burú. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan dún «kẹ́» bí ẹ ṣe ń yí i lọ sókè, ẹ má fòyà: rìlé ni ó ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ tíráńsífọ́mà.

3. Fólítì pẹ̀lú ẹrù. Ẹ̀rọ tí ó ń ṣe dáadáa lọ́wọ́ òfo lè wó lábẹ́ ẹrù. Gílóòbù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fólítì 12, wáàtì 21, dára fún èyí. Ẹ pín 21 sí ọ̀nà 12: ámpíà 1.75 ni ó yẹ kí ó gbà. Ẹ fi ààlà ámpíà sí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé gílóòbù tí ó tutù ń fa iná púpọ̀ kí ó tó gbóná. Fólítì 12 náà kò gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹsẹ̀ rárá.

4. Gbígbọ̀n iná. Bí gílóòbù ṣe ń tàn lọ, ẹ yí mítà sí AC lórí ihò kan náà. Power supply onítíráńsífọ́mà tí ó dára kò ní ju ìwọ̀nba mìlífólítì díẹ̀ lọ. Bí ó bá ń di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, iná náà ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi mítà yín kan bátìrì lásán lórí AC. Ó yẹ kí ó fi òdo hàn. Bí ó bá ka iye kan, mítà náà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

5. Ààlà ámpíà. Ẹ fi fólítì sí 5 àti ámpíà sí òdo, kí ẹ fi ẹnu wáyà pupa kan dúdú, kí ẹ sì yí ámpíà díẹ̀díẹ̀ dé 1. Iná CC gbọ́dọ̀ tàn, ìṣàn sì gbọ́dọ̀ dúró sórí 1 láìgbọ̀n. Bí ó bá kọjá lọ fúnra rẹ̀, ẹ pa á. Ẹ̀rọ náà kò ní lè dáàbò bo ohunkóhun.

6. Òtítọ́ mítà ámpíà. Ẹ to mítà yín sójú ọ̀nà wáyà, ní ihò ámpíà 10, kí ẹ fi wé ojú àpótí. Bí ẹ bá parí, ẹ dá wáyà mítà padà sí ihò fólítì lójú ẹsẹ̀, nítorí pé mítà tí a gbàgbé sí ihò ámpíà máa ń ṣọ́ọ̀tì ohun tí a bá tún fi kàn.

Àléébù tí ó wọ́pọ̀ àti orísun wọn

Bí kò bá tàn rárá, ẹ yẹ sókẹ́ẹ̀tì, wáyà àti fíúsì wò. Bí fíúsì tuntun náà bá tún jó, ẹ má ṣe fi ẹ̀kẹta sí i, ẹ má sì ṣe fi èyí tí ó tóbi jù tàbí wáyà lásán dípò rẹ̀. Fíúsì kì í ṣàìsàn. Ìròyìn àìsàn ni ó mú wá. Ẹ to gílóòbù ayé àtijọ́ wáàtì 60 sójú ọ̀nà iná ilé, kì í ṣe ti LED. Bí ó bá tàn gan-an tí kò ṣíwọ́, ṣọ́ọ̀tì wà nínú àpótí. Bí ó bá tàn lẹ́ẹ̀kan tí ó sì wálẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀tì ńlá níbẹ̀. Láti mọ ibi tí ṣọ́ọ̀tì wà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ já wáyà tí ó ti ara tíráńsífọ́mà lọ sí dáyóòdù, kí ẹ sì tún un dánwò. Bí gílóòbù bá ṣì tàn gan-an, tíráńsífọ́mà ni. Bí ó bá ti wálẹ̀, ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Bí fólítì bá lọ sókè pátápátá tí kò sì gbọ́ ti bọ́tìnì mọ́, transístọ̀ ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ó ti ṣọ́ọ̀tì láti collector dé emitter, fólítì 32 tí ó wà lórí kapásítọ̀ sì ń jáde ní tààrà. Èyí ni àléébù tí ń pa fóònù oníbàárà jù lọ. Bí transístọ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, nítorí pé ẹyọ kan tí ó kú máa ń mú kí gbogbo wọn dà bí òkú.

Bí fólítì bá ń wó lábẹ́ ẹrù tí iná sì ń gbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ wọn iná ilé. Bí ó bá jẹ́ 180 ni ó ń wọlé, fólítì 32 inú kapásítọ̀ yóò di bí 25. Kò sí bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe fúnni ní 28, àléébù kọ́ sì nìyẹn. Bí iná ilé bá pé, kapásítọ̀ ti lè wú tàbí kí ó ti gbẹ, tàbí kí dáyóòdù kan ti já. Dáyóòdù tí ó dára yóò fi bí 0.5 sí 0.7 hàn ní ọ̀nà kan, kò sì ní fi nǹkan kan hàn ní ọ̀nà kejì. Kapásítọ̀ tuntun kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti àtijọ́ ní ìwọ̀n. Fún fólítì 32, ẹ lo èyí tí a kọ 50 sí, kí ẹ má sì ṣe yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, nítorí pé ó lè bẹ́.

Bí fólítì bá ń fò bí ẹ ṣe ń yí bọ́tìnì, ìdọ̀tí tàbí ògbó ti wọ inú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí fífọ̀ kò bá ràn án.

Bí ó bá ń gbóná jù, ẹ yẹ fáànù àti ihò afẹ́fẹ́ wò. Ẹ rántí pé fólítì kékeré pẹ̀lú ámpíà púpọ̀ ni ó ń mú transístọ̀ gbóná jù. Bí 32 bá wọlé tí 4 jáde ní ámpíà 2, fólítì 28 ni ó kù fún transístọ̀ láti jẹ, èyí tí í ṣe ooru wáàtì 56. Bí ó bá jẹ́ 28 ni ó jáde ní ámpíà 2 kan náà, wáàtì 8 péré ni. Ìdí nìyí tí ti oníṣẹ́ fóònù fi máa ń gbóná bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fólítì kékeré ni ó ń lò.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ tún ìdánwò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbé ẹrù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ara irin àpótí bá ṣì ń kan iná, tàbí tí ààlà ámpíà kò dúró, ẹ má ṣe lò ó fún ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin oníbàárà, kò sí ohun tí ó burú nínú kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ bóyá ó ti yẹ power supply rẹ̀ wò láìpẹ́. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 2018, fún yín ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tí ó péye. Ẹ̀yin oníṣẹ́, ẹ yan fólítì kí ẹ tó so wáyà, ẹ fi ààlà ámpíà sí ìwọ̀n kékeré, kí ẹ sì fi mítà kan ẹnu wáyà ní àràárọ̀, kí fóònù àkọ́kọ́ tó dé orí tábìlì.