Àká Ètò Linux: Ẹ̀dà Wo Ni Kí A Máa Tọ́jú?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, orílẹ̀-èdè Gabon gba .ga, ìyẹn àmì orúkọ tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, padà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òkèèrè kan tí ó ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá nawọ́. A bá àwọn ará Libreville yọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ara ilẹ̀kùn ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a yẹ inú ilé wò.

Inú ilé ọ̀hún ni àwọn kọ̀ǹpútà tí ń pa ìwé àwọn ilé iṣẹ́ mọ́ wà, Linux ni púpọ̀ nínú irú wọn sì ń lò jákèjádò ayé. Èyí tí ilé iṣẹ́ Red Hat ti Amẹ́ríkà ń ṣe, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ètò tí Red Hat kò bá fi sí i, àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn nínú ẹgbẹ́ Fedora a máa kó o jọ sínú àká kan tí à ń pè ní EPEL, kí gbogbo ayé lè bù ú lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀dà wo ni kí àká náà máa tọ́jú? Ìbéèrè yìí kò rọrùn rárá. Ẹni tí ètò kan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní láti ṣe é, kí ó dán an wò, kí ó sì máa tún un ṣe fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìgba owó oṣù. Olùkọ́ tí a bá kó kíláàsì mẹ́rin lé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà yóò mọ ohun tí a ń wí. Nítorí náà ni EPEL ṣe ń tẹ̀ lé Red Hat. Nígbà tí ìtọ́jú ẹ̀dà keje, tí ó jáde ní 2014, parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2024, àká náà ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ètò ibẹ̀ kò parẹ́. Ṣùgbọ́n bí ihò tí olè lè gbà wọlé bá ṣí nínú wọn, EPEL kò ní í dí i mọ́. A kò dá wọn lẹ́bi.

Ẹ̀dà kẹwàá, tí ó jáde ní oṣù Karùn-ún 2025, ni ó ń kọ wá lóminú. Kò gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ṣe ṣáájú 2013. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ń fi irú àlòkù bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Libreville tàbí ní Ìbàdàn lè dúró lórí ẹ̀dà kẹsàn-án títí di 2032, tàbí kí ó yà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ AlmaLinux, tí wọ́n ṣe irú kan fún àwọn àgbà kọ̀ǹpútà wọ̀nyí, tí wọ́n sì tún àwọn ètò EPEL ṣe fún un. A yìn wọ́n. Síbẹ̀, èrò wa ni pé EPEL fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó gbé ẹrù náà, bí ọwọ́ tí yóò ṣe é bá pọ̀ tó.

Ìgbìmọ̀ EPEL a máa ṣèpàdé ní gbangba, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè sọ tẹnu rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Èdè Faransé ni Libreville fi ń ṣe iṣẹ́ ìjọba.