Ìṣírò Ọjọ́ Orí Nínú Ìdánwò Àṣewọlé

Ìṣírò kan wà tí ó máa ń dẹ́rù ba ọmọ nínú ìdánwò àṣewọlé, irú èyí tí àjọ NECO ń ṣe fún àwọn tí ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, bí èyí tí ó wà ní Odògbolú nílẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níhìn-ín. Ìṣírò ọjọ́ orí ni.

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí í máa wọ aṣọ ẹgbẹ́ jáde ní Ọjúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Bí ọjọ́ orí bá ṣe súnmọ́ra ni a ń ṣe ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ àgbà ń dàgbà, ẹgbẹ́ àbúrò ń dàgbà, ṣùgbọ́n àbúrò kò lè lé ẹ̀gbọ́n bá láéláé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìṣírò yìí rí: iye ọdún tí ẹnìkan fi ju ẹnìkejì lọ kì í yí padà. Ẹ di èyí mú ṣinṣin.

Ìbéèrè kìíní: bàbá jẹ́ ẹni ọdún 36, ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 8. Lẹ́yìn ọdún mélòó ni ọjọ́ orí bàbá yóò di ìlọ́po mẹ́ta ti ọmọ? Yọ 8 kúrò nínú 36, ó ku 28. Ọdún 28 yìí ni bàbá yóò fi ju ọmọ lọ títí ayé. Lọ́jọ́ tí ọdún bàbá bá di ìpín mẹ́ta, ti ọmọ yóò jẹ́ ìpín kan. Ìpín méjì ni bàbá fi jù ú lọ. Ìpín méjì náà ni 28, nítorí náà ìpín kan jẹ́ 14. Ọmọ yóò pé ọdún 14, bàbá yóò pé 42.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú. Bí wọ́n bá ti rí 14 láàrin àwọn ìdáhùn tí a tò sílẹ̀, wọ́n á yára mú un. Ṣùgbọ́n a kò bèèrè ọjọ́ orí ọmọ. Iye ọdún tí yóò kọjá ni a bèèrè. Láti 8 dé 14, ọdún 6 ni. Ọdún 6 ni ìdáhùn.

Ìbéèrè kejì: àpapọ̀ ọdún Káyọ̀dé àti Bísí jẹ́ 20 lónìí. Ní ọdún 4 sẹ́yìn, ọjọ́ orí Káyọ̀dé jẹ́ ìlọ́po méjì ti Bísí. Ọmọ ọdún mélòó ni Káyọ̀dé báyìí? Ẹ má yọ 4 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo o! Ẹni méjì ni wọ́n. Ọdún mẹ́rin náà kọjá lórí Káyọ̀dé, ó sì kọjá lórí Bísí. Yọ 8 kúrò nínú 20, ó ku 12. Pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: Káyọ̀dé mú méjì, ó jẹ́ 8, Bísí mú ẹyọ kan, ó jẹ́ 4. Wá dá ọdún 4 padà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan: Káyọ̀dé di 12, Bísí di 8. Rò wọ́n pọ̀, ó pé 20.

Èdè Òyìnbó ni a fi ń ṣe ìdánwò náà. Nítorí náà, kí ọmọ kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ìbéèrè fún ara rẹ̀ kí ó tó mú kálàmù. Kí ó mọ̀ pé ‘ìlọ́po mẹ́ta’ kì í ṣe ‘fi ọdún mẹ́ta jù’. Bí ó bá sì rí ìdáhùn, kí ó fi í dán ìbéèrè wò.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, bí ẹ kò tilẹ̀ ka ìwé, ẹ lè fi ọjọ́ orí àwọn ará ilé yín kọ́ ọmọ yín ní ìṣírò yìí nídìí oúnjẹ alẹ́. Máàkì kan ṣoṣo lè ya ẹni tí ó wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó padà sílé.