Láàbù tó ń wá sólà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó iná Band A ti fò dé nǹkan bíi ₦225 lórí yúníìtì kan, ọ̀rọ̀ sólà ò kúrò lẹ́nu ará Ìbàdàn mọ́. Pánẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì ni wọ́n ń tà ní Dugbe àti Challenge. Oríṣi mìíràn tún wà tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn: perovskite. Ní 2009, Tsutomu Miyasaka àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Japan fi í mú iná jáde, ìdá 3.8 péré nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn ló rí mú. Ó ti lé ní 26 báyìí.

Bí oòrùn bá kan perovskite, ẹ̀lẹ́kítíróònù á já kúrò láàyè rẹ̀, á fi ihò sílẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá tún pàdé, iná ti ṣòfò nìyẹn. Awọ ọ́ksáìdì tí wọ́n tẹ́ sí apá méjèèjì perovskite ni kì í jẹ́ kí wọ́n pàdé. Títáníọ̀mù ọ́ksáìdì, tó ń mú ọ̀dà ilé funfun, máa ń gba ẹ̀lẹ́kítíróònù kọjá, á sì dá ihò padà; níkẹ́lì ọ́ksáìdì ń ṣe òdìkejì ní apá kejì. Awọ ọ́ksáìdì kọ̀ọ̀kan kò nípọn tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún irun orí.

Títẹ́ irú awọ yìí jẹ́ iṣẹ́ tí láàbù yunifásítì lè ṣe. Gíláàsì, èròjà olómi, ẹ̀rọ tó ń yí bìrí kí omi náà lè tẹ́ dọ́gba, àti ààrò oníná. Ààrò yẹn ni wàhálà: títáníọ̀mù ọ́ksáìdì fẹ́ kó gbóná tó 450 sí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí NEPA má sì mú iná lọ (orúkọ ti yí padà, ìwà kò yí). Tíìnì ọ́ksáìdì, tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà, kò gbà ju nǹkan bíi 150 sí 180 lọ. Òun ni mo fara mọ́ fún àwọn láàbù tiwa.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ilé ìwádìí agbára CERD ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀rọ Pelletron, tó ń fi ìtànṣán lu irú awọ bẹ́ẹ̀ láti mọ bó ṣe nípọn tó àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Wole Soboyejo, tó darí African University of Science and Technology ní Abuja tẹ́lẹ̀, náà wà lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lórí perovskite.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá perovskite. Pánẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì ń lò tó ọdún 25. Perovskite ò tíì lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, òjé sì wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sórí òrùlé kan ní Agbowó, kí òjò bí ọdún méjì-mẹ́ta rọ̀ lé e lórí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé e wá sí Ring Road pé òun ń tà.